Oògùn Ni Mo Lọ Gbà, Ọ̀rọ̀ Ni Wọ́n Fún Mi

Ògo! Ògo! Ògo ni fún Ẹni tó fa ọkọ mi yọ lẹ́nu ayùn! Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo rẹ̀ kó dé orí òkè: Olúwa ṣeun! Mo ní Olúwa ṣeun! Ẹ ṣé. Ẹ̀mí yín á gùn.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá mọ̀ mí, n kì í ṣe ẹni tó máa ń dìde sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Èmi ni Ìyá Bọ́lá, èmi tí mo ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ní Odòde Ìdànrè níbí. Ọkọ mi ni Bàbá Bọ́lá, tó ń la gẹdú ní sọ́míìlì lọ́nà Òfosù.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, kí n má purọ́ fún yín, kò tíì yé èmi fúnra mi tán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Wòlíì. Mo ní, "Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí kò yé mi?" Wòlíì ní kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n fi yíyé rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Nítorí náà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀mùtí nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ẹmu lásán ni, ìyẹn náà bí ìnáwó bá wà. Inú igbó gẹdú ló ti kọ́ ògógóró. Wọ́n ní òtútù àárọ̀ inú igbó kò ṣeé fara dà bí èèyàn kò bá ta díẹ̀ sí ọ̀fun. Díẹ̀ yẹn di ife. Ife di ìgò. Ó wá débi pé, bó bá jí, kó tó bomi bọ́jú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ún kí ọwọ́ rẹ̀ tó yéé gbọ̀n.

Kò lù mí rí o! Ẹ má gbọ́ ọ sódì. Èyí gan-an ló ń da orí mi rú. Bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ǹ bá ti mọ ohun tí n ó ṣe, ǹ bá ti kẹ́rù mi lọ sílé bàbá mi. Ṣùgbọ́n ènìyàn rere ni. Bó bá mu ún tán, á máa sunkún, á máa bẹ̀ mí, á gbé Bíbélì lérí, á búra pé òun kò ní mu ún mọ́ láyé. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, òórùn rẹ̀ á tún ti gba gbogbo ilé. Mo máa ń wò ó, mo máa ń bi ara mi pé: èyí tó ń sunkún àti èyí tó ń mutí, èwo gan-an ni ọkọ mi?

Kí ni mo fẹ́ ṣe tí n kò ṣe? Mo gbààwẹ̀. Ẹ̀yin náà bá mi gbà á, Olúwa á san án fún yín. A gbàdúrà sómi. Ó mu omi náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi ọtí lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láti Atòsin gbé àgbo kíkorò kan wá, ó ní kí n máa dà á sínú ọtí rẹ̀ kó lè máa bì. Ó bì lóòótọ́. Ó nu ẹnu rẹ̀ tán, ó tún bu òmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, tí ọkọ̀ akógẹdú dúró síwájú ilé wa. Ọ̀gá sọ́míìlì ló fúnra rẹ̀ gbé ọkọ mi wá. Mo rí Bàbá Bọ́lá tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ya láti èjìká dé ìbàdí bí ẹni pé ẹranko ló fà á ya. Mo sáré bọ́ síta, mo ń wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. N kò rí ẹ̀jẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé? Ṣé ó jà ni?"

Ọ̀gá náà ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, orí ìdúró ni oorun ọtí ti gbé e lọ, níwájú ayùn tó ń yí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni ayùn rí mú."

Jésù! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ọkọ yín mọ iṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé òkú rẹ̀ wá fún yín. Ẹ gbà á báyìí tó wà láàyè." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ṣé ayọ̀ ni kí n yọ̀ ni tàbí kí n sunkún? Wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ikú, lọ́jọ́ kan náà! N kò mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ gbàdúrà lé lórí.

Mo mú un lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Dókítà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀dọ̀ yín ti ń bàjẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọtí sílẹ̀."

Ọkọ mi ní, "Dókítà, ọtí tí mò ń mu kò tó nǹkan."

Mo dúró kó jáde tán. Mo kúnlẹ̀ níwájú dókítà náà, ọmọ tó kéré sí àbúrò mi, mo ní, "Ẹ bá mi gún un lábẹ́rẹ́ kan tó máa jẹ́ kó kórìíra ọtí."

Ó fà mí dìde. Ó ní, "Màmá, bí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ mi, èrò kò ní jẹ́ kí n rí ọ̀nà wọlé mi."

Nọ́ọ̀sì kan, àgbà obìnrin, ló tẹ̀ lé mi síta. Ó ní, "Ìyá, àwọn kan wà tí ọtí ti yọ lẹ́nu bí i ti bàbá. Wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, ní kíláàsì iléèwé tó wà lẹ́yìn ọjà lọ́hùn-ún. Ẹ mú wọn lọ síbẹ̀. Àwọn tó ti ibẹ̀ rí ìrànlọ́wọ́ pọ̀."

Ìrànlọ́wọ́! Etí mi kò gbọ́ ju ìyẹn lọ. Mo ní ó ti tán, oògùn ti wà níbì kan.

Mo sọ fún Bàbá Bọ́lá. Ó bínú. Ó ní, "Èmi? Kí n lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀mùtí? Ṣé ọ̀mùtí ni mí ni?" Ìgò wà lábẹ́ àga tó jókòó lé bó ti ń sọ ọ́ yìí.

Mo ní kò burú. Èmi á lọ gba oògùn náà wá fún un. Mo fọ ìgò òróró kan, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sá a sóòrùn kó gbẹ, mo gbé e sínú báàgì mi. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́.

Mo rí iléèwé náà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn àgbàlagbà ni mo rí tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìṣirò àwọn ọmọdé ṣì wà lójú pátákó. Gbogbo wọn wọṣọ tó mọ́. Kò sí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò sí ẹni tó ń pariwo. Mo ní mo ti ṣìnà, ìpàdé àwọn òbí ọmọ iléèwé nìyí.

Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àwọn ọ̀mùtí ti ń pàdé?"

Bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, ibí náà ni. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ojú tì mí! Ilẹ̀ kò là kó gbé mi mì. Mo jókòó. Wọ́n sọ fún mi pé ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ la ó fi sí. Nítorí náà, ẹ má retí pé n ó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá arúgbó yẹn nìkan ló fún mi láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ìjọ wà níbẹ̀, ọmọ mọ́sálásí náà wà níbẹ̀.

Bàbá náà dìde. Ó ní iṣẹ́ rélùwéè lòun ṣe kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ọ̀mùtí ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọtí ti kan ẹnu mi gbẹ̀yìn."

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bàbá, ẹ má fi ẹnu ara yín pe ara yín bẹ́ẹ̀! Ẹ ti fi í sílẹ̀, ẹ ti bọ́!"

Ẹ̀yin náà rò ó wò. Nínú ìjọ wa níbí, ṣé a máa ń fi ẹnu wa jẹ́wọ́ ibi sórí ara wa ni? Ṣé kì í ṣe pé a máa ń ní a ti borí? Ẹni tí kò mu ún mọ́ wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀mùtí, èyí tó ń mu ún nílé mi sì ní òun kì í ṣe ọ̀mùtí. Orí mi dàrú pátápátá.

Bàbá náà kò bínú. Ó ní, "Ìyá, bí ọ̀fìn kan bá wà lójú ọ̀nà oko yín, tí ẹ ti já sínú rẹ̀ rí, ṣé ẹ ó sọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́ nítorí pé ẹ ti jáde? Ẹni tó bá ń rántí rẹ̀ ni kì í tún já sí i."

Ó wá bi mí pé kí ni mo bá wá. Mo yọ ìgò mi. Gbogbo wọn ń wo ìgò náà. Mo ní, "Oògùn ni mo wá gbà fún ọkọ mi."

Ó ní, "Kò sí oògùn níbí, ìyá."

"Ṣé àdúrà lẹ ó wá bá mi gbà?"

"A máa ń gba ṣókí níparí, èyí tí kálukú wa lè ṣe àmín sí."

"Ẹ ó wá bá mi bá a wí nílé?"

"A kì í lọ bá ẹnikẹ́ni wí nílé rẹ̀."

"Kí wá lẹ máa ń ṣe?"

Ó ní, "A máa ń sọ̀rọ̀. A sì máa ń gbọ́ tẹnìkejì."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ lásán? Láti Ìdànrè ni mo ti wọkọ̀ wá o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn mí. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ìyá, a ti gbọ́ ti bàbá. Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

Ẹ̀yin ará, ẹ wò mí. Láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Ṣé ó ti rí iṣẹ́? Kò sí ẹnikẹ́ni, ìyá mi tó bí mi pàápàá, tó bi mí bí mo ṣe ń sùn. Mo la ẹnu kí n dáhùn, ẹkún ló jáde. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo sọ fún wọn pé n kì í sùn, pé mímí rẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí kílẹ̀ tó mọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Wọn kò ní kí n dákẹ́. Wọ́n kàn jókòó tì mí.

Mo gbé ìgò òfìfo mi padà sílé. Nínú ọkọ̀, mò ń bi ara mi: kí ni mo lọ ṣe? Kí ni wọ́n fún mi? Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àyà mi fúyẹ́. Kí lèyí?

Bàbá Bọ́lá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "O lọ tú àṣírí mi fún àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, wọn kò tilẹ̀ béèrè nípa yín púpọ̀. Èmi ni wọ́n bi ní ìbéèrè."

"Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n bi mí bí mo ṣe ń sùn."

Ó wò mí. Ó yẹ kó bínú sí i, mo ti ń múra sílẹ̀ fún un. Ó kàn dúró bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, báwo lo ṣe ń sùn?"

Mo sọ fún un.

Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó ń mutí rẹ̀ lọ. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo rí i tó wọ sòkòtò rẹ̀ tó dára. Mo ní, "Níbo lẹ ń lọ?" Ó ní, "Mo fẹ́ lọ rí àwọn ọkùnrin tó ń bi ìyàwó oníyàwó bó ṣe ń sùn!" Ìjà ló fẹ́ lọ jà o! Àní ìjà! Ìbínú ni Olúwa fi wà á lọ síbẹ̀. Halelúyà!

Mo tẹ̀ lé e, a dé ibẹ̀. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà. Bàbá rélùwéè sọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí ó ṣe máa ń fi ìgò pamọ́, bí ó ṣe máa ń búra, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n láàárọ̀. Mo ń fi igun ojú wo ọkọ mi. Mo rí i tó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó sì rọra fi í sápò. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó.

Wọ́n ní bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́, bí kò bá sì fẹ́, kó má sọ. Ọkọ mi wá ní, "Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé kí n fi ọtí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀."

Ọmọkùnrin Ìdànrè! Agégẹdú! Ẹni tí kì í sọ pé òun kò mọ nǹkan! Ó sọ ọ́ níwájú àjèjì, níwájú mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ọtí lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bàbá rélùwéè ní, "Àwa náà kò mọ̀ ọ́n. A jọ ń kọ́ ọ ni." Ó ní kí ọkọ mi má dá ọtí dúró fúnra rẹ̀ lójijì, pé ó lè pa á, kí a padà lọ bá dókítà. A lọ. Wọ́n dá a dúró lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó làágùn, ó gbọ̀n, ó ń rí ohun tí kò sí. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ló ń sọ fún mi pé, "Ìyá, ẹ má sá. Á kọjá." Ó sì kọjá. Olúwa ṣeun!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ó tún mu ún. Níbi ìsìnkú kan ní Atòsin ni, wọ́n gbé ife fún un, ó gbà á. Ó wọlé, mo gbọ́ òórùn náà, ayé sì dojú rú fún mi. Mo ní, "Ọlọ́run, ṣé ẹ ti ń fi mí ṣeré ni?" Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń retí ẹkún, mò ń retí ìbúra lórí Bíbélì. Kò búra. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, bó bá di Sátidé, n ó lọ sọ fún wọn." Ẹni tó ń fi ìgò pamọ́ sábẹ́ àga! Ó lọ sọ ọ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó ṣe, èmi àti ẹ̀ lọ bá ọ̀gá sọ́míìlì. Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Máa wọn pákó ná. Má sún mọ́ ayùn." Ọkọ mi wọn pákó láìráhùn, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ pè é padà sídìí ayùn. Iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ lánàá. Bọ́lá ọmọ wa ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀ jẹun, kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ lójúde mọ́.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ó ti bọ́ pátápátá. Bàbá rélùwéè ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sọ pé, lónìí, kò mu ún. Èyí ló dà mí láàmú tí n kò fi tètè wá jẹ́rìí. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ń jẹ́ fún ohun tí kò tíì parí? Ẹlòmíràn bi mí pé ṣé àdúrà wa ló ṣe é ni, tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí bẹ́ǹṣì? N kò mọ̀. Ṣé Ẹni tí à ń gbàdúrà sí kọ́ ló fi nọ́ọ̀sì sọ́nà mi ni? N kò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní purọ́ níwájú pẹpẹ.

Bó bá wà nínú yín ẹni tí irú èyí wà nílé rẹ̀, má jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ gan-an ló ń mu ún, má sọ pé ìwọ nìkan ni. Bí a bá jáde, wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ igi lóde. O kò ní láti sọ nǹkan kan. N ó mọ̀. A ó jọ wọ mọ́tò lọ ní Sátidé. Kò ní yé ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò yé èmi náà. Ṣáà jókòó.

Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó! Ẹ wò ó! Ọkọ mi nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe méjì mọ́. Lónìí, kò mutí.

Ọpẹ́ òní ni mo mú wá, nítorí òní ni mo mọ̀. Ẹ bá mi gbé e fún Olúwa!